Ta Ló Wa Ọkọ̀ Kẹta?

"Kà á sókè," ni Màdáámù tó ni ilé ìfọṣọ wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ìwọ tó o ṣe ètò kọ̀ǹpútà yìí fúnra rẹ."

Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ síwájú, ó wo ojú kọ̀ǹpútà tí Màdáámù ti yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń kà á níkọ̀ọ̀kan: ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Ọkọ̀ Kẹta, ibi tó lọ ni ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Nígbà tó kan orúkọ awakọ̀, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ ṣìn-ìn.

"Mi ò gbọ́," ni Màdáámù wí.

"Jẹ́jẹ́, Mà."

Ta ni kò mọ Jẹ́jẹ́ nínú ọgbà ilé ìfọṣọ yẹn? Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní tó bá ń wakọ̀ lọ, ìgbín á yà á sílẹ̀, á tún dúró kí i pé ó kú iṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé akọ̀wé kò mọ òmíràn tó lè kọ sínú kọ̀ǹpútà. Jẹ́jẹ́ yìí kan náà ni ọkọ Ìyá Kọ̀ǹpútà, bàbá àwọn ìbejì rẹ̀.

"Ọkọ̀ wa gbá bàbá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì," ni Màdáámù wí. "Ẹsẹ̀ bàbá kán. Awakọ̀ ò dúró, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tó wà níbẹ̀ rí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà kedere, ẹẹ́ta ni. Láàárọ̀ ọ̀la làwọn ọlọ́pàá ń bọ̀. Kí n tó fa ọkọ rẹ lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ máa ń purọ́?"

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ló sọ rúdurùdu ọgbà yẹn di ohun tó ní ètò. Kó tó dé, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn a máa bá ara rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ti òtẹ́ẹ̀lì a sì di àwátì. Òun ló ṣe ètò tí wọ́n fi ń mọ aṣọ tó jáde, ọkọ̀ tó gbé e, àti ibi tó gbé e lọ. Ibi tí orúkọ "Ìyá Kọ̀ǹpútà" ti jẹ yọ nìyẹn, ó sì ń fi orúkọ náà yangàn díẹ̀díẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn.

"Kọ̀ǹpútà mi kì í purọ́, Mà."

"O ṣeun," ni Màdáámù wí. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, àwọn ìbejì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọn ò jiyàn, wọ́n sáré jáde. Kò bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ wo lẹ wà lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ẹ kúulé là ń kọ́kọ́ kí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ọkọ̀ Karùn-ún ni. Kí ló dé?"

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣé èmi ni mo wà á ni, àbí ẹlòmíràn ló bá mi wà á?"

"Kọ̀ǹpútà ní Ọkọ̀ Kẹta lẹ wà."

Jẹ́jẹ́ ti gbọ́ nípa bàbá oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo awakọ̀ ló ti gbọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, bíi pé ó ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ní Karùn-ún ni," ló wí. "Ìyá Ìbejì, ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé mo gbá ènìyàn tán, mo wá ń bá tèmi lọ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀, o ò sì sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó yẹ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti ibi iṣẹ́ dé ilé ló ti ń kó ọjọ́ Ẹtì jọ lọ́kàn, ó ti kó o jọ jù, kò lè gbé e mì mọ́.

"Lọ́jọ́ yẹn, ẹ dé, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọ ìbọ̀sẹ̀."

"Ike ọṣẹ ló dà sí mi lára. Awakọ̀ ilé ìfọṣọ fọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn méjèèjì ì bá fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wọ́n. Lọ́jọ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò jẹun tán."

"Inú ń run mí."

"Àwọn ọmọ pè yín kẹ́ ẹ wá bá wọn ṣeré, ẹ ní ó ti rẹ̀ yín. Ẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ó rẹ̀ mí ni! Ṣé kò gbọdọ̀ rẹ èèyàn ni?" Ó dìde. Ohùn rẹ̀ kì í sábà lọ sókè, nítorí náà nígbà tó lọ sókè yìí, ó ba ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù, ó sì tún fi ìyẹn kún ẹrù tó ti kó jọ. "Nígbà tó o ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà yẹn, ta ló ń pọn àwọn ìbejì? Ẹnìkan lẹ́yìn, ẹnìkan lọ́wọ́! Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ ò tiẹ̀ gbọ́ tẹnìkan. Ti ẹ̀rọ lo gbọ́."

Ó jáde lọ jókòó síta. Ìyá Kọ̀ǹpútà dúró sáàárín yàrá. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n oògùn yìí, ẹni tó bá lò ó yó, kò sí ohun tójú rẹ̀ ò ní rí. Ó lọ síbi tí bàtà ọkọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bàtà wo ni kì í ní ẹrẹ̀ lábẹ́? Ojú tì í, ojú tì í gan-an. Síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó yẹ ìyẹn náà wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀tọ̀ ni ọkọ gbà dé ibi iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni aya gbà. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn, ooru áyọ́ọ̀nù ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà wọ yàrá akọ̀wé lọ láti tẹ ojú ìwé ọjọ́ Ẹtì jáde fún àwọn ọlọ́pàá. Akọ̀wé yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ kọ́ sí.

Ibi tí Ìyá Kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ki bébà sínú ẹ̀rọ ni awakọ̀ kan ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kúkúrú ni wọ́n ń pè é, ó sì ga ju férémù ilẹ̀kùn lọ. Aláwàdà ni.

"Akọ̀wé wa àtàtà, gbé kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Kẹta wá. Màdáámù ní kí n gbé e sẹ́yìn ilé, kí àwọn oníbàárà má baà máa wò ó bí ojú olè."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ná," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ̀yìn ilé ni mo ní, kì í ṣe ẹ̀yìn odi!"

"Òfin lòfin. Àǹtí ló kọ́ mi: kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lára ògiri, kí orúkọ ti wọ kọ̀ǹpútà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ìyá Kọ̀ǹpútà, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kí tíṣà yin òun. Ó ṣí ojú ìwé Ọkọ̀ Kẹta, ó pa Jẹ́jẹ́ rẹ́, ó kọ Kúkúrú, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Kúkúrú gbá a mú, ó ń súfèé lọ.

Ìyá Kọ̀ǹpútà wá síbi kọ̀ǹpútà, ó ṣí ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ Kẹta, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Awakọ̀: Kúkúrú.

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ohun àkọ́kọ́ tó bá a nìyẹn, ìdùnnú, kí ọgbọ́n tó dé. Ẹ̀sùn ti ṣí kúrò lórí ọkọ rẹ̀, ó ti bọ́ sórí ọkọ ẹlòmíràn. Ó kù kó tẹ bọ́tìnnì kan, kí bébà jáde, kó gbé e fún ọlọ́pàá. Níta, Kúkúrú ṣì ń súfèé, ó ń fi ọkọ̀ náà rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rántí pé ìsinsìnyí, lójú òun, ni akọ̀wé kọ Kúkúrú síbẹ̀.

"Gbọ́ ná," ló wí fún akọ̀wé. "Tí awakọ̀ kan bá gbé ọkọ̀ wálé, tí òmíràn fẹ́ gbé e jáde, kí lo máa ń ṣe?"

"Màá pa tàkọ́kọ́ rẹ́, màá kọ tèkejì. Àyè ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, Àǹtí."

"Ọjọ́ wo lo kọ Jẹ́jẹ́ sí Ọkọ̀ Kẹta?"

"Ọjọ́ Ajé. Mo rántí nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde."

"Ta ló wà níbẹ̀ kó o tó kọ Jẹ́jẹ́? Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Akọ̀wé wo ògiri kọ́kọ́rọ́. "Àǹtí, gbogbo wọn ló ń wa gbogbo ọkọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro kì í fẹ́ wa èyí tó wúwo, ẹni tó jáde láàárọ̀ lè fún ẹlòmíràn lọ́sàn-án. Ṣé èmi lè rántí? Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń rántí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Kọ̀ǹpútà lára ju ìbínú Màdáámù lọ. Ó rántí ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó bi Màdáámù bóyá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀ tirẹ̀. Màdáámù na ọrùn sókè: "Nínú ọgbà tèmi? Ọkọ̀ kan, awakọ̀ kan!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbalé lọ. Kò yọ ẹsẹ̀ síta, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe. Kò bi ọkọ tirẹ̀ pàápàá, tí wọ́n jọ ń sùn tí wọ́n jọ ń jí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kó tó mọ ohun kan. Ọkọ̀ kan ní awakọ̀ púpọ̀, awakọ̀ kan ní ọkọ̀ púpọ̀. Èèyàn ò lè so irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nìkan, kò sì lè so ó mọ́ awakọ̀ nìkan. Àárín àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní àtẹ tirẹ̀, àtẹ kẹta yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ àti ti awakọ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ibẹ̀ á máa sọ pé awakọ̀ báyìí ló wa ọkọ̀ báyìí lọ́jọ́ báyìí. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó ni: kì í ṣe ti ọkọ nìkan, kì í ṣe ti aya nìkan. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti fi èyí kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n nínú ètò tirẹ̀, àyè kan ṣoṣo ló fi sára ọkọ̀ fún orúkọ. Ẹni tó bá wà lórí ọkọ̀ lónìí, òun ni kọ̀ǹpútà ń dárúkọ fún àná, fún ìjẹta, fún gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti jáde rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Màdáámù wọlé, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan tẹ̀ lé e. Ojú Màdáámù bọ́ sára kọ̀ǹpútà, ó dúró gbagidi.

"Kí lèyí? Jẹ́jẹ́ ló wà níbí lánàá." Ó yíjú sí Ìyá Kọ̀ǹpútà. "O ti yọ orúkọ ọkọ rẹ."

"Mi ò yọ ohunkóhun, Mà."

"Ta ló yọ ọ́, iwin? Sájẹ́ǹtì, ẹ rí i? Mo fi ọkàn tán obìnrin yìí! Ó fẹ́ gba ọkọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá ti ọkọ ọlọ́kọ sínú iná!"

Kúkúrú ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ka orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àwàdà tán lójú rẹ̀ pátápátá.

"Èmi kẹ̀? Èmi gbá ta? Ìyá Kọ̀ǹpútà, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó lè sọ pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó lè ní ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni kí wọ́n gbà. Màdáámù lè má gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bébà á ti jáde, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó wo Kúkúrú. Lójú rẹ̀, ó rí ojú ọkọ tirẹ̀ ti ìrọ̀lẹ́ àná.

"Akọ̀wé," ló wí, "kọ orúkọ Màdáámù sí Ọkọ̀ Kẹta."

"Àǹtí!"

"Kọ ọ́. Èmi ni mo ní kó o kọ ọ́."

Akọ̀wé pa Kúkúrú rẹ́, ó kọ ọ́. Ìyá Kọ̀ǹpútà ṣí ọjọ́ Ẹtì. Awakọ̀: Màdáámù.

"Ẹ wò ó, Mà. Ẹ̀yin lẹ gbá bàbá."

"Èmi tí mi ò mọ ọkọ̀ ọ́ wà!" ni Màdáámù fi igbe ta.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu sájẹ́ǹtì kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó wa Ọkọ̀ Kẹta lọ́jọ́ Ẹtì," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí. "Kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ gbẹ̀yìn nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe yẹn ti wá, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé."

"Lánàá o ní kì í purọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Mo sọ ọ́ láìwò."

Màdáámù mí kanlẹ̀. "Ilé ìwòsàn ní kí n mú ọ wá kó o ṣe tiwọn. Mo ti fi ọ́ yangàn lọ́dọ̀ wọn. Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn." Ó dùn ún bó ti ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, ó ti ń fi í lá àlá.

Sájẹ́ǹtì bi í bóyá ó lè tún kọ̀ǹpútà náà ṣe kó lè sọ ti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun lè tún un ṣe láti òní lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò tọ́jú, kò sí bí wọ́n ṣe lè rí i mú jáde.

"Ọkọ yín ti bọ́ nìyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ò dá a lẹ́bi. Kò sì dá a láre."

"Ó dáa," ni sájẹ́ǹtì wí. "Èèyàn la máa bi. Ara bàbá ti ń yá, ó ní òun rí ojú awakọ̀ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé e bọ̀. Kí gbogbo awakọ̀ jókòó síta."

Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ibẹ̀ làwọn awakọ̀ jókòó sí, oníkálukú ń wo ẹnìkejì láti ìkọ̀kọ̀. Jẹ́jẹ́ wà ní ìparí bẹ́ńṣì. Kúkúrú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé iwájú rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò mọ̀."

"Kò mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó ti fẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pé ẹlòmíràn ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báyìí, kó jẹ́ báyẹn. Ó wá rí i pé ẹ̀rí lòun tún ń kó jọ, ti àná láti fi mú un, ti òní láti fi tú u sílẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Ẹ ní Ọkọ̀ Karùn-ún lẹ wà. Mo gbà yín gbọ́."

"Láti ìgbà wo?"

Ó wù ú kó purọ́. "Láti ìsinsìnyí," ló wí.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí ibi tí wọ́n sá aṣọ sí. Afẹ́fẹ́ ń gbá àwọn aṣọ ibùsùn funfun tó wà lórí okùn.

"Ó dùn mí," ló wí níkẹyìn. "Ìyá Ìbejì, ó dùn mí wọra."

"Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí."

Kò ní òun ti forí jì í. "Tí bàbá yẹn bá dé, tó wá nàka sí mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ bi," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí n tó bi ẹnikẹ́ni."

Ọkùnrin náà rò ó wò. Lẹ́yìn náà ló sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí géètì, ọkọ̀ kan wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí ìjókòó. Sájẹ́ǹtì ní kí àwọn awakọ̀ dìde. Jẹ́jẹ́ dìde. Ìyàwó rẹ̀ náà dìde, ó dúró tì í.